Ìwọ̀n Ṣíbí Kan: Ìtàn Mọ́fíìnì àti Èémí Aláìsàn Jẹjẹrẹ

Kò sí ohun tó ń dẹ́rù ba ará ilé bíi kí wọ́n jókòó ti ẹni tí èémí rẹ̀ ò délẹ̀. Ẹni tó ń jẹ̀rora lè fi igbe ta. Ẹni tí kò rí èémí mí, kò tiẹ̀ ní èyí tó máa fi ké.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ lára jinlẹ̀, pàápàá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ló ń bá ìyà yìí pàdé. Wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó. Wọn ò ní lè rìn dé ilé ìwẹ̀, wọn ò ní lè sọ gbólóhùn kan tán kí wọ́n tó dúró wá afẹ́fẹ́. Tó bá wá di òru, ó di kí wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé wọn lẹ́yìn, torí wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Oògùn kan wà tí àwọn dókítà ń lò láti mú ìyà yẹn fúyẹ́. Ó ti pẹ́ láyé, kò wọ́n, ẹnu ni wọ́n sì ń gbà lò ó. Mọ́fíìnì lorúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú ẹbí aláìsàn, kí ẹ wo bí ojú ṣe máa yí: "Ṣé kì í ṣe ìbátan heroin nìyẹn? Ṣebí òun ló máa ń dá èémí dúró?" Òótọ́ ni méjèèjì. Oògùn tó lè gba èémí lọ́wọ́ ènìyàn náà ló lè mú kí èémí ènìyàn balẹ̀. Ohun tó wà láàárín ikú àti ìdẹ̀ra níbẹ̀ ò ju ìwọ̀n lọ. Bí ayé ṣe kọ́ ìwọ̀n yìí, tí wọ́n gbàgbé rẹ̀, tí wọ́n tún padà wá a kiri, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọkùnrin tó gbé oje òdòdó lé òṣùwọ̀n

Òdòdó kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní poppy. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ya èso rẹ̀ nígbà tó ṣì tútù, oje funfun kan á sun jáde. Tó bá gbẹ, á dúdú. Oje gbígbẹ yẹn ni ópíọ̀mù. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ mọ̀ ọ́n, àwọn oníṣègùn Lárúbáwá mọ̀ ọ́n. Ní Ìlú Ọba, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Sydenham máa ń pò ó mọ́ wáìnì, wọ́n ń pe àpòpọ̀ náà ní laudanum. Ó ń pa ìrora, ó ń dá ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru dúró, ó ń mú oorun wá.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe le tó. Oje ọdún yìí lè le ju tèṣí lọ, oje oko kan ò sì rí bíi ti oko kejì. Ìwọ̀n tó wo ẹnì kan lánàá lè pa ẹlòmíràn lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra àgbo kan náà lọ́wọ́ ìyá alágbo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Friedrich Sertürner ló tú okùn yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ogún ọdún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn kan ní ìlú Paderborn ní Jámánì. Kì í ṣe dókítà, kò sì lọ sí yunifásítì. Ní nǹkan bí 1804 sí 1805, ó yọ èròjà funfun kan nínú ópíọ̀mù, ó sì rí i pé èròjà yẹn gan-an ló ń mú oorun wá. Ó fi orúkọ Morpheus, òrìṣà àlá àwọn ará Gíríìsì, sọ ọ́. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1817, ó ròyìn bí òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ṣe gbé e mì láti dán an wò, tí wọ́n tún gbé e mì, tí wọ́n tún gbé e mì, títí ara gbogbo wọn fi kọ̀, tó sì ní láti fún wọn ní ọtí kíkan mu kí wọ́n lè bì í. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe o!

Síbẹ̀, ohun tó ṣe yí ìṣègùn padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe láti gbé agbára ópíọ̀mù lé òṣùwọ̀n, kí ìwọ̀n tòní rí bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀la. Ní 1827, ilé iṣẹ́ Merck ní Darmstadt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà.

Dókítà kan, ọ̀rọ̀ méjì

Ní 1853, dókítà kan ní Edinburgh, Alexander Wood, bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ gún mọ́fíìnì sábẹ́ awọ ara. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi gbòde. Lára àwọn tó lò ó ni Thomas Clifford Allbutt, dókítà kan ní ìlú Leeds. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣàjèjì sí yín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ṣàjèjì: òun ló sọ irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara nígbà yẹn di kékeré, èyí tó ṣeé kì bọ àpò.

Ní 1869, Allbutt kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn tí àìsàn ọkàn ò jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa. Ó ní abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì mú kí wọ́n rí ìsinmi. Ní 1870, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, dókítà yìí kan náà tún kọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ìkìlọ̀ ni. Ó ti ń rí àwọn aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ nítorí ìrora, tí wọn ò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ti di bárakú.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì tọ̀nà. Allbutt kò ta ko ara rẹ̀. Ó wo oògùn náà lójú méjèèjì ni. Àmọ́ ayé ò lè gbé méjèèjì dání pọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kejì nìkan ni etí gbọ́.

Kò yani lẹ́nu, torí ohun tó tẹ̀lé e burú. Ní 1898, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì gbé oògùn kan tí wọ́n fi mọ́fíìnì ṣe wá sọ́jà, wọ́n ní ó dára fún ikọ́ àti àìsàn àyà, wọ́n tún ní kì í di bárakú bíi mọ́fíìnì. Heroin ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin náà mọ ibi tó parí sí. Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ká ópíọ̀mù àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní 1914, wọ́n sì fòfin de ṣíṣe heroin ní 1924. Ní 1961, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí oògùn olóró. Nínú àdéhùn yẹn gan-an, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣègùn ò lè ṣe kó máà lo àwọn oògùn yìí fún ìrora àti ìyà. Ṣùgbọ́n nínú ìṣe, ọ̀pọ̀ ìjọba rántí apá tó sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́jà àti ọlọ́pàá, wọ́n gbàgbé apá tó sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn.

Àwọn dókítà náà bẹ̀rù. Láàárín ọ̀rúndún ogún, ẹ̀kọ́ tó gbilẹ̀ ni pé ẹni tí mímí bá ń ni lára ni ènìyàn gbọ́dọ̀ pa mọ́fíìnì mọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Lójú ẹsẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ń rì sómi, ta ni yóò tún gbé òkúta lé e láyà?

Obìnrin tó ń wo aago

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ilé ìtọ́jú àwọn tó ń kú lọ. Ní London, ọsibítù Brompton, tó jẹ́ ti àwọn alárùn àyà, ní àpòpọ̀ olómi kan tó gbajúmọ̀: mọ́fíìnì tàbí heroin, kokéènì, ọtí líle, àti omi dídùn tó ń bo ìkorò wọn. Ẹnu ni wọ́n ń gbà mu ún.

Cicely Saunders ló wá sọ irú oògùn ẹnu yìí di ẹ̀kọ́. Wọ́n bí i ní 1918. Ó ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn sì dà á, ó di òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé àti owó, lẹ́yìn náà ló padà lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, tó parí rẹ̀ ní 1957, nígbà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ohun tó rí ní àwọn ọsibítù ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ìrora padà dé kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn. Aláìsàn á máa tọrọ, nọ́ọ̀sì á ní kó dúró díẹ̀. Ìtọrọ yẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ti di bárakú. Saunders ní kí wọ́n máa wo aago. Kí wọ́n fún un ní ìwọ̀n kékeré, láti ẹnu, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ìrora tó yọjú. Nígbà tí aláìsàn bá ti mọ̀ pé oògùn ń bọ̀, kò ní máa fi gbogbo ọjọ́ rò ó mọ́.

Ní 1967, ó ṣí St Christopher's Hospice ní gúúsù London. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lo mọ́fíìnì ẹnu fún ìrora, tí wọ́n sì tún ń lò ó fún àwọn tí èémí wọn ò délẹ̀, tí wọ́n rí i pé ara ń rọ̀ wọ́n. Láàárín àwọn ọdún 1970, dókítà Robert Twycross fi heroin àti mọ́fíìnì wéra níbẹ̀, ó rí i pé bí ènìyàn bá gbà á lẹ́nu, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe da kokéènì àti ọtí nù nìyẹn. Ó ku mọ́fíìnì àti omi. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ìrora jẹjẹrẹ, tó sọ ohun tí Saunders ń sọ fún gbogbo ayé: láti ẹnu, pẹ̀lú aago, ní ìpele ìpele.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an?

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibì kan wà tó ń bójú tó mímí. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáá, pàápàá bí carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara fẹ́ lé jáde, ṣe pọ̀ tó. Bó bá pọ̀ jù, tàbí tí iṣẹ́ mímí bá le jù fún àyà, ọpọlọ á ké gbàjarè: "Mí sí i! Mí sí i!" Igbe yẹn ni ènìyàn ń gbọ́ lára bí ebi afẹ́fẹ́. Lára ẹni tí jẹjẹrẹ ti dí apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, igbe náà kì í dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò mọ́, torí bó ti wù kó gbìyànjú tó, àyè ò sí. Ìbẹ̀rù á gùn ún. Ìbẹ̀rù á mú un mí kíákíá. Mímí kíákíá á tún dá kún ìnira.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn ibì kan wà nínú ọpọlọ tí oògùn ìdílé ópíọ̀mù máa ń wọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ ihò rẹ̀. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen jẹ́ ká mọ ìdí: ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe èròjà tó ń ṣiṣẹ́ bíi mọ́fíìnì. Ìwọ̀n kékeré mọ́fíìnì á rẹ igbe gbàjarè yẹn sílẹ̀. Kò fi afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóró, kò sì wo jẹjẹrẹ. Ìyà tí mímí fi ń jẹ ọkàn ló ń dín kù. Ìwọ̀n ńlá lára ẹni tí kò lò ó rí á pa igbe náà lẹ́nu mọ́ pátápátá, mímí á sì dúró. Ilẹ̀kùn kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ṣí i tó ló yàtọ̀. Èyí tí wọ́n gbé mì tún ń rọra wọ ara ju ti abẹ́rẹ́ inú iṣan lọ, torí ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ mú lára rẹ̀ kí ìyókù tó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n gbé e wá síwájú òṣùwọ̀n

Ìrírí ò tó ẹ̀rí. Ní 1993, Eduardo Bruera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dán abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì wò lára aláìsàn jẹjẹrẹ mẹ́wàá tí èémí ń ni lára, ìnira wọn sì fúyẹ́. Mẹ́wàá kéré lóòótọ́. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan kó ìdánwò 18 jọ, wọ́n ní oògùn ìdílé ópíọ̀mù tí wọ́n gbà lẹ́nu tàbí ní abẹ́rẹ́ ń dín ìnira èémí kù, àmọ́ èyí tí wọ́n fín sí imú bí èéfín ò fi ẹ̀rí kankan hàn.

Ní 2003, Amy Abernethy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà jáde. Ènìyàn 48 ni, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Wọ́n lo mílígíráàmù 20 mọ́fíìnì tó ń tú díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin; wọ́n tún lo oògùn òfìfo fún ọjọ́ mẹ́rin, láìmọ èwo lèwo. Lórí òṣùwọ̀n tó lọ dé 100, ìnira wọn fi nǹkan bíi 7 dín kù láàárọ̀ àti nǹkan bíi 10 lálẹ́ ní ọjọ́ mọ́fíìnì. Kò sẹ́ni tí èémí rẹ̀ dúró. Ohun tó yọ wọ́n lẹ́nu jù ni àìrígbẹ́yà.

Ká má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: kì í ṣe gbogbo ìdánwò ló gbè é. Ní 2022, ìdánwò ńlá kan ní Ọsirélíà lára àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ láìsí jẹjẹrẹ ò rí ìyàtọ̀ láàárín mọ́fíìnì àti oògùn òfìfo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, òmíràn ní Ìlú Ọba lára àwọn tó ti ń bá ìnira èémí ọlọ́jọ́ gbọọrọ yí náà ò rí i. Nítorí náà, mọ́fíìnì kì í ṣe oògùn gbogbo ẹni tó ń mí hẹlẹ. Fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti jinlẹ̀, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021 ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ohun tó fà á: bóyá omi ló yí ẹ̀dọ̀fóró ká tó yẹ kí wọ́n fà jáde, bóyá ẹ̀jẹ̀ ò tó. Kí wọ́n tẹ́ aláìsàn dáadáa, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, fáànù! Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, tó jáde ní 2010, fi hàn pé fáànù kékeré tí wọ́n kọ sí ojú ń dín ìnira náà kù ju èyí tí wọ́n kọ sí ẹsẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ aláìsàn lójú ò ṣàṣìṣe rárá. Bí gbogbo èyí ò bá tó, ìgbà yẹn ni oògùn ìdílé ópíọ̀mù kàn, ní ìwọ̀n kékeré, lábẹ́ ojú dókítà. Dókítà á ní kí wọ́n lo oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè mú oorun àti ìrìndọ̀ wá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe wọ́nranwọ̀nran nílò ìṣọ́ra tó ju tẹlòmíràn lọ.

Láti Kampala dé Ìbàdàn

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ìlú àwọn olówó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Níbo ni tiwa?

Anne Merriman, dókítà tí wọ́n bí ní Liverpool, ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí kó tó lọ sí Singapore, níbi tí òun àti àwọn apoògùn ti ṣe mọ́fíìnì olómi tí kò wọ́n. Ní 1993, ó dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Ùgáńdà. Ìyẹ̀fun mọ́fíìnì ni wọ́n ń rà, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti èròjà tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n á pa á láró, kí àwọ̀ lè sọ èyí tó le àti èyí tí kò le, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú ike. Ṣùgbọ́n dókítà ò tó nílùú. Ní 2004, Ùgáńdà yí òfin padà kí àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ ní àkànṣe lè kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń pín in. Àwọn àgbà ní oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ùgáńdà fi hàn pé ti mọ́fíìnì yàtọ̀.

Nílé wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, tó jẹ́ onímọ̀ nípa oògùn ìpara-lóorun ní UCH Ìbàdàn, wà lára àwọn tó jà fún un kí ìtọ́jú yìí lè fìdí múlẹ̀, tó fi di pé Ibùdó Ìtọ́jú yìí fún Nàìjíríà wà ní Ìbàdàn. Àwọn apoògùn ọsibítù wa náà ti ń po ìyẹ̀fun mọ́fíìnì fún aláìsàn. Iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ ẹ wo ìṣirò. Ní 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣe ìdíwọ̀n oògùn ìdílé ópíọ̀mù tó ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó nílò irú ìtọ́jú yìí. Ní Amẹ́ríkà, ó ju mílígíráàmù 55,000 lọ lọ́dún. Ní Ùgáńdà, 53. Ní Nàìjíríà, kò tó mílígíráàmù kan: 0.8. Ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a nílò nìyẹn.

Ẹ tún wo ìdà kejì. Ní May 2018, lẹ́yìn tí fídíò BBC tú àṣírí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń mu omi ikọ́ tó ní codeine, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó o wọlé àti ṣíṣe é. Codeine àti tramadol, ìdílé ópíọ̀mù kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí mọ ẹnì kan tí tramadol ti bà jẹ́, àbí ẹ ò mọ̀? Ìbẹ̀rù wa ò wá láti inú òfìfo. Amẹ́ríkà tó ní àpọ̀jù náà sin ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọmọkùnrin tó ń gbé tramadol mì nígboro rí i rà láìsí ìwé dókítà. Ìyá tí jẹjẹrẹ ń fún láyà nílé ò rí ṣíbí mọ́fíìnì kan gbà, bó tilẹ̀ ní ìwé. Ìbẹ̀rù tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ náà, ìyá yẹn ló ń jìyà rẹ̀. Òfin tó bá le fún ẹni tó ń kú, tó sì rọ̀ fún ẹni tó ń tà á lábẹ́lẹ̀, kò tíì ka ọ̀rọ̀ kìíní Allbutt.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Sertürner wá ìwọ̀n náà nínú ìgò, Saunders wá a lójú aago, àwọn ará Ùgáńdà sì kọ ọ́ sínú òfin. Bí ẹnì kan nílé yín bá ń bá jẹjẹrẹ jà, tí èémí rẹ̀ ò sì balẹ̀, ẹ má ra ohunkóhun nígboro fún un. Ẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè bóyá ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe fún èémí náà fúnra rẹ̀. Bí dókítà bá dárúkọ mọ́fíìnì, ẹ béèrè ìwọ̀n, ẹ béèrè aago, ẹ béèrè ẹni tí ẹ máa pè lóru. Kì í ṣe ìkéde ikú ló ṣe fún yín. Ó lè jẹ́ ohun tó máa jẹ́ kí ẹni yín parí gbólóhùn tó ti fẹ́ sọ láti àárọ̀.